Iná Tó Tuni Lójú, AC Tó Ń Fẹ́ Tútù: Ọgbọ́n Yàrá Tí Mo Fẹ́ Fi Hàn Ọ́

Ọmọ ìyá mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá ìsùn ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí, torí mo mọ̀ pé ìwọ náà fẹ́ wọlé lálẹ́ kí ara rẹ sì balẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ń mú yàrá gbóná, tó sì ń mú kí iná rẹ̀ máa gún ni lójú, kò gbà ju kàn-ìn-kàn-ìn, àkàbà kékeré àti ọwọ́ ara rẹ lọ. Èyí tó bá kù di ti oníṣẹ́, mo sì máa sọ ohun tó yẹ kó o bi í fún ọ kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Iná ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló tètè ń yí ojú yàrá padà.

Gbójú sókè wo gúlóòbù tó wà ní àjà yàrá rẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ funfun báláú, irú èyí tó ń mú kí yàrá dà bí ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ràn irú iná bẹ́ẹ̀ ní kíṣínnì àti lórí tábìlì tí ọmọ ti ń kàwé. Nínú yàrá ìsùn, mi ò gbà á láyè. Àwọ̀ búlúù tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara tètè tú melatonin jáde, ìyẹn èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, oorun ti yá. Wàá dùbúlẹ̀, ó ti rẹ̀ ọ́, síbẹ̀ ojú rẹ á dá gbá.

Nígbà tó o bá tún fẹ́ ra gúlóòbù, yí páálí rẹ̀ wò. Wàá rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K tẹ̀ lé. 6500K ni funfun báláú yẹn, òun ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Èyí tí ìwọ ń wá ni 2700K tàbí 3000K, tó máa ń tàn ní àwọ̀ oyin. Bí ọlọ́jà kò bá mọ nọ́ńbà, sọ pé warm lo fẹ́, yóò yé e. LED oníwọ́ọ̀tì 9 ń tàn tó gúlóòbù àtijọ́ oníwọ́ọ̀tì 60, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oníwọ́ọ̀tì 20 fún ọ fún yàrá ìsùn. Kó o tó kúrò nílé, wo ìdí èyí tó ti jó: ṣé oní-pin ni àbí oní-screw?

Jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún ọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, n kì í tan iná àjà yàrá mi mọ́ àfi tí mo bá ń wá nǹkan. Iná ìsàlẹ̀ ni mo ń lò: lámpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àti iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí iná bá ti ìsàlẹ̀ wá, tó kọ́kọ́ ba ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ojú á rọ̀. Kódà ojú tìẹ gan-an á tún dán sí i nínú dígí, mo fi dá ọ lójú.

Iná tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, strip light tí wọ́n ń pè é lọ́jà, ìwọ fúnra rẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ra èyí tó ń lo USB, torí fóltì 5 péré ló ń gbé, kò lè gbé ọ. Fi spirit nu ibi tó o fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́, kó o jẹ́ kó gbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyẹn, tí iná wọn á fi máa ya bọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: eruku ni gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ pákó. Bó bá gùn jù, ibi tí wọ́n ya àmì sísọ́ọ̀sì sí nìkan ni kó o ti gé e. Jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ sí ògiri, kí gúlóòbù wẹ́wẹ́ rẹ̀ má ṣe hàn sí ẹni tó dùbúlẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, kì í dàmú mi, power bank tí mo fi ń gba agbára sí fóònù ń gbé e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni lámpù igbá.

Ìwọ náà mọ àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn rẹwà, kò sì sídìí tí yóò fi máa wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀ nìkan. Ra odidi igbá tó ti gbẹ dáadáa, tó jẹ́ pé bó o bá mì ín, kóró inú rẹ̀ á máa dún. Gé ìdí rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ fi lè wọlé, kó o ha inú rẹ̀ mọ́. Bo imú àti ẹnu rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí eruku inú igbá máa ń múni húkọ́. Fi pẹ́ńsùlù ya àrà tó wù ọ́ sí i lára, kó o wá fi ẹ̀rọ ìlúhò tẹ̀ lé àmì náà, ihò mìlímítà 3 fún etí àrà, mìlímítà 6 fún àárín. Rọra tẹ̀ ẹ́. Má sì jẹ́ kí ihò méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, kí igbá má baà sán.

Wáyà rẹ̀ kò le rárá. Ra èyí tí wọ́n ti so hódà àti pílọ́ọ̀gì mọ́ láti ilé iṣẹ́, gba òkè igbá fà á kọjá, kó o fi kọ́ sórí ìkọ́. O kò ní fọwọ́ kan wáyà inú ògiri rárá. LED oníwọ́ọ̀tì 3 tàbí 5 ni kó o fi sínú rẹ̀, má fi gúlóòbù àtijọ́ tó ń gbóná sí i láé, ó lè jó igbá náà. Wá tan án lálẹ́. Àwọn ihò ńlá á tẹ àrà rẹ sára ògiri, àwọn wẹ́wẹ́ á máa tàn wínníwínní lórí kọ́tìnnì títí dé àjà. Àlejò tó bá wọlé á bi ọ́ níbi tó o ti rà á, kó o dá a lóhùn pé ọwọ́ rẹ lo fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí iná tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ṣé gúlóòbù rẹ ṣì máa ń tàn fírífírí lẹ́yìn tó o ti pa á? Bó bá jẹ́ gúlóòbù tó ń gba agbára pamọ́ fún ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ni, tàbí tí súìṣì náà ní iná pupa kékeré lára, kò sí wàhálà ńlá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé wáyà tí kò gbé iná, èyí tí wọ́n ń pè ní neutral, ni ẹni tó ṣe wáyà ilé so mọ́ súìṣì, dípò live. Nígbà náà, bó o tilẹ̀ pa súìṣì, iná ṣì wà nínú hódà, ó sì lè gbé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gúlóòbù. Sọ fún oníṣẹ́ iná kó fi tẹ́sítà wò ó, kó sì yí i padà. Ní tèmi, bíréékà ni mo máa ń pa kí n tó pààrọ̀ gúlóòbù èyíkéyìí, ó ti mọ́ mi lára.

Ó yá, ká bọ́ sórí AC.

Kó o tó tan AC rárá, lé ooru jáde. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe ògiri fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ọgbọ́n yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tèmi tìẹ. Bó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó dojú kọ ara wọn, tan fáànù, jẹ́ kó fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó tì í pa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti há sínú yàrá láti àárọ̀ á jáde lọ́fẹ̀ẹ́, AC kò sì ní máa bá a jà. Bí fèrèsé rẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, fi kọ́tìnnì tó nípọn sí i, kó o sì fà á dí láti ọ̀sán. Ní àsìkò ọyẹ́, wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé náà. Eruku máa ń dí ojú ihò rẹ̀ tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn kò ní rọ́nà gbà. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ ti tó o.

Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra AC, má jẹ́ kí wọ́n fi títóbi rẹ̀ tàn ọ́. Oní-1hp, tó jẹ́ nǹkan bíi BTU 9,000, ti tó yàrá ìsùn tí kò tóbi jù. Èyí tó bá tóbi jù fún yàrá máa ń tètè tutù, á sì dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán. Yàrá á tutù, ara rẹ á sì máa lẹ̀.

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lójú rìmóòtì rẹ ńkọ́? Láàárín 24 sí 26. Mo mọ̀ pé bí ooru bá mú ọ, 16 ni ọwọ́ máa ń sáré lọ. Àmọ́ AC wa tó wọ́pọ̀, èyí tí kì í ṣe inverter, kì í yára tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé o tẹ 16. Bákan náà ló ń ṣiṣẹ́, àfi pé kò ní sinmi. Fi sí 26, kó o tan fáànù àjà sórí nọ́ńbà kan, wàá ní láti fa ìbora kó tó di òru.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, sí náírà 225. Iye náà ti yí padà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ṣe òdiwọ̀n. AC oní-1hp lè jẹ tó yúníìtì 0.8 ní wákàtí kan tí kò bá sinmi. Wákàtí mẹ́jọ òru kan á jẹ́ yúníìtì 6.4, ìyẹn náírà 1,440. Bó bá ń dá ara rẹ̀ sinmi torí pé 26 lo fi sí, owó náà á dín kù dáadáa.

Wàyí o, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ju gbogbo rẹ̀ lọ: fọ fílítà. Bí AC kò bá tutù mọ́, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jáde ráúráú, ìdọ̀tí ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Pa á ní ògiri, kì í ṣe pẹ̀lú rìmóòtì nìkan. Fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ìdérí iwájú, gbé e sókè títí tí yóò fi dún kẹ́ẹ́, tí á sì dúró fúnra rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì méjì wà níbẹ̀, rọra gbé ìsàlẹ̀ wọn sókè kó o fà wọ́n jáde. Wàá rí eruku tó ti hun ara rẹ̀ di aṣọ eérú, tó ṣeé ká bí ẹní.

Gbé wọn lọ sí bálùwẹ̀. Ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì ni kó o jẹ́ kí omi ti rọ́ kọjá, kí eruku lè bọ́ síwájú. Bí o bá da omi sí iwájú, ńṣe lo túbọ̀ ń tì í wọ inú ihò. Ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó parí. Ibòji ni kó o sá wọn sí, torí oòrùn á ká wọn kò. Jẹ́ kí wọ́n gbẹ pátápátá kó o tó dá wọn padà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kó o máa ṣe é nígbà ọyẹ́, oṣooṣù ní àsìkò tó kù.

Bí omi bá ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, má bẹ̀rù, AC kò bú. Omi inú afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí Willis Carrier ṣe iṣẹ́ tó bí AC òde òní ní 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ọ̀rinrin tó ń ba ìwé jẹ́ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ láti gbógun tì. Títí dòní, AC ṣì ń fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń gbé e lọ síta. Páìpù yẹn ló máa ń dí. Lọ sí ẹnu rẹ̀ níta kó o wò ó dáadáa: nígbà míì, agbọ́n ti fi amọ̀ mọ ilé sí i, nígbà míì, èéhù ti yọ̀ nínú rẹ̀. Yọ ohun tó bá dí i, má fi irin gún un. Wò ó bóyá ó dagun sísàlẹ̀ láìká níbì kankan. Bó o bá sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbe omi rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnu páìpù rì sínú omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí omi kò ní lè jáde geere mọ́. Mo máa ń fi omi yẹn fọ ilẹ̀, n kì í fi í se nǹkan.

Òórùn bíi ti ìbọ̀sẹ̀ tó rin? Èéhù ti hù sára irin tútù inú rẹ̀. Kó o tó pa á, yí rìmóòtì sí àmì fáànù nìkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Bó o bá ń ṣe èyí déédéé, òórùn náà á dín kù.

Ó kan ọ̀rọ̀ gáàsì, mo sì fẹ́ kó o fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ibẹ̀ ni owó àwọn obìnrin ti ń ṣòfò jù. Ẹni tó wá tún AC ṣe á fọwọ́ gbá a, á ní “Àǹtí, gáàsì yín ti tán.” Gáàsì AC kì í tán bíi ti ìdáná. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí kiri. Bó bá dín kù, ibì kan ń jò. Bí wọ́n bá rọ ọ́ láìwá ibi tó ń jò, wọ́n á tún padà wá rọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bi í pé: “Níbo ló ń jò?” Jẹ́ kó fi ọṣẹ tó ń hó kun àwọn oríkèé páìpù níwájú rẹ; ibi tó bá ti ń yọ ìfóòfó, ibẹ̀ ni. Kó tún un ṣe, kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù tán, kó tó fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i. Orúkọ gáàsì tó yẹ wà lára páálí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ AC tó wà níta: R22, R410A tàbí R32. Má gbà kó da wọ́n pọ̀. R32 lè gbaná, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Kó o tó pe ẹnikẹ́ni, wo rìmóòtì ná. Àmì tó dà bí òdòdó yìnyín ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ oòrùn tàbí fáànù ló wà níbẹ̀, kò ní tutù láé. Wò ó bóyá ẹnì kan kò sá aṣọ sórí ẹ̀rọ ìta. Wo iná náà: bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀ jù, fáànù inú á máa fẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ìta á kọ̀. Sìtèbíláísà tó dára ni yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Bí NẸ́PÀ bá sì mú iná lọ, pa AC, kó o sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a padà kó o tó tan án.

Àwọn ibi tí ọwọ́ tìẹ gbọdọ̀ dúró sí nìyí. Má ṣí ẹ̀rọ ìta. Capacitor kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́ kódà lẹ́yìn tó o ti yọ pílọ́ọ̀gì, ó sì lè gbé èèyàn gan-an. Má so AC mọ́ extension. Wáyà rẹ̀ gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ bíréékà tirẹ̀ wá, kò sì gbọdọ̀ kéré ju 2.5mm lọ. Fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gì náà lẹ́yìn wákàtí kan: bó bá gbóná jù, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, pa á lójú ẹsẹ̀, kó o pe oníṣẹ́ iná.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní bàrándà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá, ì báà jẹ́ pé o ti ti fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó lè jí ẹni tó sùn. AC oní-split kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń yí po, nítorí náà kò ní gbà ọ́. Gbé e jìnnà, ọmọ ìyá mi, jọ̀ọ́.

Bọ́tìnì kan wà lórí rìmóòtì tí ọ̀pọ̀ wa kì í tẹ̀, wọ́n kọ Sleep sí i. Tẹ̀ ẹ́ nígbà tó o bá fẹ́ sùn. AC á rọra máa gbé nọ́ńbà sókè bí òru ṣe ń jinlẹ̀, tí ara tìẹ náà sì ń tutù, o kò sì ní jí lóru torí òtútù. Fi Timer sí i pẹ̀lú, kó kú ní nǹkan bí aago mẹ́rin òwúrọ̀. Bó o bá ní ọmọ kékeré nínú yàrá, yí ahọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde sókè sí àjà, kó má ṣe fẹ́ sí i lójú. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ dé orí ibùsùn rẹ̀.